Ọ̀gbun Àìkí

Ọkùnrin kan wà ní abúlé orí òkè, òun àti àbúrò rẹ̀ kọ́lé kojú síra. Lọ́jọ́ òjò kan, ó fi ọkọ́ fa ojú àgbàrá kékeré kan kúrò lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Kò ju ìbú àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Omi bá gba iwájú ilé àbúrò lọ, àbúrò náà gbé ọkọ́, ó darí rẹ̀ padà. Wọn ò jà o, wọn ò sì bú ara wọn. Wọ́n kàn ṣíwọ́ kíkí ara wọn ni. Nítorí kí ni? Omi òjò, tí ẹnikẹ́ni kò rà!

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwọn onílé wọ̀nyí gbà fún un. Ọdún méje ni òjò fi gbẹ́ àárín ilé méjèèjì, títí ó fi di ọ̀gbun tí ewúrẹ́ kò lè fò. Bí àlejò bá bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ, àwọn ará abúlé á ní, "Ọ̀gbun Àìkí nìyẹn. Àìkí ló gbẹ́ ẹ."

Ìyàwó àbúrò, tó ti ń wojú Olúwa fún ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, wá bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ kẹjọ, oyin àti iyọ̀ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ sọmọ lórúkọ, àgbà ilé sì wà lódìkejì. Ẹ̀gbọ́n ti dé fìlà láti ìdájí. Orúkọ wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀nà ni kò sí. Bí kò bá sọ ọ́ lónìí, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́. Ó gbọ́ igbe ọmọ náà, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Ó figbe ta: "Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Àbúrò sáré jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ má bínú!"

"Ta ló ń bínú? Ẹ wá igi wá!"

Wọ́n gé ọ̀pẹ kan, wọ́n nà án kọjá. Àgbàlagbà fi ìdí wọ́ lórí ọ̀pẹ tòun ti agbádá. Gbogbo abúlé ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ọmọ, ó pè é ní Rẹ̀mílẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí orúkọ ọ̀gbun náà padà, ẹ̀gbọ́n ní rárá. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bèèrè."

Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, tí o gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lánàá kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ má baà pàdé, tìrẹ ò tíì ju ìbú àtẹ́lẹsẹ̀ lọ. Dìde, lọ kí i. Òjò ti ṣú.