Ọjọ́ Mẹ́rìndínlógún Tí Òǹkà Fi Dákẹ́

Nígbà tí Màmá Ìbídàpọ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ìlú Òkè-Ìrókò, kò jókòó kalẹ̀ máa wo ojú ọjọ́. Àràárọ̀ ló ṣì ń lọ sí ilé ìgbẹ̀bí láti la àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì lóye. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá tó yé tọmọdé tàgbà: oúnjẹ tó yẹ aboyún, iṣẹ́ tó yẹ kó yẹra fún, àti àmì àìsàn tí kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò. Fádérera, ọmọbìnrin kan tó mọ tinú-tòde kọ̀ǹpútà, ló ń gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní lórí ayélujára.

Òǹkà kan wà lára ìkànnì yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i lórí fóònù, òǹkà á fi ẹyọ kan kún iye àlejò ọjọ́ náà. Kí Fádérera tó bọ́jú láàárọ̀ ni í ti í máa wò ó níbi ọ̀tọ̀ kan tí àlejò kì í dé, tí a kì í ka òun náà mọ́ wọn. Lónìí, àlejò igba, lọ́la, ọ̀ọ́dúnrún. Orí rẹ̀ a wú, a sì sáré lọ ròyìn fún Màmá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òfo ló bá nídìí òǹkà. Ó ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe ségesège. Lọ́jọ́ kejì, òfo. Lọ́jọ́ kẹta, òfo. Ó tẹ ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn tọ́jú ìkànnì náà láago. Wọ́n ní ìkànnì ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ kò sì lọ síbòmíràn ju pé ọ̀rọ̀ Màmá ló ti sú àwọn èèyàn.

Ó lọ bá a nílé. "Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀rọ̀ yín ti ń gùn jù. Kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún títí. "Kò sẹ́nì kankan?"

"Ẹyọ ẹnì kan kò sí, mà."

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò fọwọ́ kan bírò mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Olóyè Ọ̀gúntádé, alága ẹgbẹ́. Ó fi ìpàdé sí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ránṣẹ́ pe Fádérera.

"Ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí ẹsẹ̀ èèyàn kò ti tẹ ibẹ̀. Kí la tún fẹ́ fi ṣe? Tí a bá jókòó lọ́sàn-án yìí, a ó pa á rẹ́. Ìwọ ni kó o lọ sọ fún Màmá, kó má lọ gbọ́ ọ lójú títì."

Bí ẹni tí wọ́n di ẹrù òkúta rù ni Fádérera ṣe rìn dé ilé ìgbẹ̀bí. Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì kan ká aṣọ. Kí Fádérera tó la ẹnu, ọ̀kadà kan já wọ ọgbà. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá ìyàwó rẹ̀ mọ́ra. Oyún obìnrin náà ti gbó, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta, ó sì di orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mi ò ríran dáadáa mọ́," ló ń wí. "Ẹ gbà mí, mi ò ríran dáadáa mọ́."

Màmá sọ aṣọ nù. Wọ́n gbé obìnrin náà wọlé, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ti ga kọjá ààlà. "Ẹ pe ọkọ̀!" ni Màmá ké. "Ilé ìwòsàn ńlá ni, kíá!" Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀, Ọlátẹ́jú lorúkọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Màmá bi í léèrè bí wọ́n ti ń retí ọkọ̀. "Ta ló ní kó o tètè gbé e wá? Ọ̀pọ̀ ọkọ ni í dúró títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́."

"Mo kà á ni, mà. Lánàá, lórí ìkànnì ìlú wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ojú aboyún bá ń wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ìríran rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, ká má dúró dọ̀la. Gbogbo abúlé wa ló ń kà á. Ìyàwó mi ní orí fífọ́ lásán ni. Èmi ni mo kọ̀."

Ọkọ̀ dé, wọ́n gbé obìnrin náà sínú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ bá a lọ. Ṣùgbọ́n Fádérera kò kúrò lójú kan. Lánàá kẹ̀? Òfo ni òǹkà kọ lánàá!

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín."

Ó ṣí ìkànnì náà lórí fóònù nọ́ọ̀sì, ó sì fi tirẹ̀ wo òǹkà. Òfo. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Òfo. Àlejò kan rèé tó wọlé níṣojú rẹ̀, òǹkà kò sì rí i. A jẹ́ pé àwọn èèyàn kò ṣíwọ́ wíwá. Òǹkà ló fọ́jú.

Ìgbà wo ló ti fọ́jú? Ó wo ọjọ́ tí iye àlejò ti dúró, orí rẹ̀ sì fò lọ. Ọjọ́ náà gan-an lòun fúnra rẹ̀ pa ìrísí ìkànnì dà, tó fi ojú ìwé tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ó yọ kọ̀ǹpútà nínú àpò, ó wá ẹ̀dà ti àtijọ́ jáde. Ìlà àṣẹ kékeré kan wà lórí rẹ̀, òun ló ń pe òǹkà síṣẹ́. Ó wo ti tuntun, kò sí níbẹ̀. Ó gbàgbé láti gbé e wá.

Ó kọ ọ́ sí i. Ó tún ṣí fóònù nọ́ọ̀sì. Òfo di oókan.

Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí aago méjìlá lù. Èṣù ọkàn kan ń sọ fún un pé kó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Ta ló máa mọ̀? Ó gbójú sókè, ó rí Màmá tó ń wò ó.

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni. Ọwọ́ mi ni òǹkà ti já bọ́. Àwọn èèyàn ń kà yín ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí."

Màmá kò gbé e dìde. "O ní ẹyọ ẹnì kan kò sí. Mo gbà ọ́ gbọ́, mo sì gbé bírò sílẹ̀. Ta ló mọ aboyún tó ń wá ohun tí mi ò kọ?" Ó nu ojú rẹ̀. "Dìde. Lọ sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, má yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò."

Eré ni Fádérera sá dé gbọ̀ngàn ìpàdé. Olóyè Ọ̀gúntádé ti ń ní kí ẹni tó bá fara mọ́ pípa ìkànnì náà rẹ́ nawọ́ sókè. Fádérera sọ gbogbo rẹ̀ níwájú wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dára," ni Olóyè wí, "èèyàn mélòó ló wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún náà?"

"A ò lè mọ̀ ọ́n mọ́, Bàbá. Ẹni tí òǹkà kò bá kà lọ́jọ́ tó wá, kò sí bí a ṣe lè padà kà á."

Olóyè mi orí. "Ẹ̀rí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi dájọ́ yìí! Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìròyìn dé láti ilé ìwòsàn ńlá pé ìyàwó Ọlátẹ́jú bí obìnrin, tìyá tọmọ sì wà láàyè. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nọ́ọ̀sì ló ń fi rán an sí Fádérera, kò fún un lọ́wọ́ ara rẹ̀. Fádérera kò bínú sí i.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ìrókò bá fẹ́ tìtorí ohun tí kò rí dá ẹlòmíràn lẹ́bi, wọ́n á rán an létí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe pé: aṣọ́nà tí kò sí lẹ́nu ọ̀nà kì í jẹ́rìí pé àlejò ò wọlé.