Òkèlè Tó Gbé Ìbọn Wọ Igbó Ikùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹ má sì tìtorí pé obìnrin ni mí fojú tín-ín-rín wò mí, nítorí ìbọn ara ògiri yẹn, èjìká mi ni ó gbó sí. Ọdẹ́wálé ọkọ mi ni ó kọ́ mi ní ọdẹ. Nígbà tí ó kú, ó fi èmi àti ìyàwó rẹ̀ kékeré, Àwẹ̀ró, sílẹ̀ nínú àgbàlá kan náà, àwa méjèèjì sì ń jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ìgbéraga ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń jẹ iṣu sísun kí n tó lọ sígbó, Àwẹ̀ró sì ń kọjá. Dípò kí n ní "Wá jẹun" bí ọmọlúàbí, mo ti àwo sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ta ló lè ti òórùn iṣu mọ́lé? Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyálé mi, ẹ ò pè mí, ṣùgbọ́n á gba ibi ire o!"

Mo gbé ìbọn mi, mo gba ọ̀nà igbó lọ.

Ní ọ̀sán, ẹtu kan tí mo yìnbọn sí sá wọ ihò kan, mo sì tẹ̀ lé e. Òkúta funfun méjìlélọ́gbọ̀n ni ó yí ẹnu ihò náà ká. Wọ́n pàdé mọ́ mi lẹ́yìn gbàgà, wọ́n sì ń lọ̀ mí bí ata. Odò itọ́ gbé mi dé oríta kan, níbi tí arúgbó kúkurú kan ti ń ṣọ́ ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ.

"Òkèlè wo ló gbé ìbọn kọ́ èjìká yìí?"

"Ọdẹ ni mí, n kì í ṣe òkèlè."

"Ohunkóhun tó bá ti wọ Igbó Ikùn, òkèlè ni. Ọ̀nà èémí nìyí, ọ̀nà oúnjẹ nìyẹn. Òkèlè tó bá ṣìnà wọ ti èémí yóò pa onílé, yóò sì bá onílé kú. Ta ló kí ọ pé á gba ibi ire?"

Ọkọ mi ti kú, n kò bímọ. Ta ni ìbá kí mi? Nígbà náà ni mo rántí, ohùn mi sì wálẹ̀.

"Orogún mi ni."

"O pè é jẹun?"

"N kò pè é."

"O ò pè é, ó sì kí ọ? Ó sàn jù ọ́ lọ. Ó yá, kọjá!"

Ó ti ilẹ̀kùn èémí pa, mo sì yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ sínú agbẹ̀du, ìkòkò tí ń hó láìsí iná. Ìyá kan ń fi omi kíkan rò mí bí ọkà, ó ń kùn pé, "Eléyìí mà le o!" Lẹ́nu ìfun, Ẹ̀dọ̀, baba pupa, da òróòro lé mi lórí kí ọ̀rá ara mi lè yọ́. Mo wá bọ́ sínú ìfun, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tí ọ̀kẹ́ àìmọye ìka wẹ́wẹ́ hù sí lára. Wọ́n ń já agbára gbà lára ẹtu mi tó ti ṣáájú mi débẹ̀, wọ́n ń kó o fún ẹ̀jẹ̀: "Gbé èyí fún ojú! Má gbàgbé ẹsẹ̀ o!" Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí ẹyọ kan nínú wọn tí ó dá tirẹ̀ jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Ìfun ńlá fa omi ojú náà gbẹ, nítorí kì í fi omi ṣòfò. Ọ̀nà tí mo gbà jáde, àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun.

Mo délé lọ́wọ́ òfo. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró, mo sì gbọ́ tí ó ń wọ́ àwo sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Á gba ibi ire o!" ni mo ké.

Àwẹ̀ró ní, "Ta ló ń rùn báyìí?"

"Èmi ni."

"Ìyálé mi, ẹ lọ wẹ̀ ná, kí ẹ wá jẹun. Ẹ̀wà ni, ó sì ti tutù."

Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi jọ jẹ nínú àwo kan kí Àwẹ̀ró náà tó lọ bá ọkọ wa. Báyìí, bí mo bá ń jẹun, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Mo ń pe ewúrẹ́ pàápàá. Ewúrẹ́ a máa wá, ṣùgbọ́n kò mọ èsì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe fi oúnjẹ pamọ́ fún ara yín. Bí ẹ bá sì ń kọjá níwájú ilé mi, ẹ má dúró dìgbà tí mo bá pè yín. Ẹ kí mi.