Aṣọ Àkọ́hun Dáwá

Ọ̀nàwùmí ará Ìsẹ́yìn mọ aṣọ òfì hun débi pé àwọn tó ń kọjá á dúró wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún oko, ilé dá. Ó ń jí, ó ń jẹun, kò mọ ohun tí òun wà láyé fún mọ́. Bí ó ṣe gbọ́ pé àwọn ará Gbàdọ́, lódìkejì odò ńlá, ń gbin òwú ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ ọ́n hun, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀fẹ́ náà ni lóòótọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò sinmi. "Ta ni ó tún lè ṣe irú èyí fún yín?" Kò gbọ́ èdè wọn, kò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ìbídùn, ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá ọkọ dé ìlú náà, ló ń bá a túmọ̀. Ọmọbìnrin kan, Dáwá, wá mọ iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì, ṣùgbọ́n Ọ̀nàwùmí ti pinnu pé ọmọ yìí ni yóò jogún òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Dáwá parí aṣọ àkọ́hun rẹ̀, Ọ̀nàwùmí lọ wẹ̀ lódò. Kí ni yóò rí? Dáwá ló rí lókèèrè, tó ju aṣọ náà sómi, tó sì kọrí sílé. Háà! Inú bí i burúkú. Ó bẹ́ sómi, ó fa aṣọ náà yọ, ó sì lọ sá a sórí ọgbà ibi tí wọ́n ti ń hunṣọ, kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ aláìmoore.

Ìlú jí, ariwo sọ. Àwọn àgbà dé, wọ́n wo aṣọ náà, wọ́n gbé òfì Dáwá kúrò nílẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

"Ó tọ́ sí i!" ni Ọ̀nàwùmí wí.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá," ni Ìyá Ìbídùn dá a lóhùn. "Níbí, odò la ń fún ní iṣẹ́ àkọ́ṣe ọmọ. Orúkọ olùkọ́ rẹ̀ ni yóò pè sí i, pé kí ẹ̀mí olùkọ́ náà gùn. Orúkọ yín ló pè láàárọ̀ yìí. Aṣọ tí a bá sì tún rí lẹ́yìn náà, odò ló kọ̀ ọ́ tó dá a padà. Dáwá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òfì mọ́ láéláé."

Ọ̀nàwùmí bojú wo aṣọ náà lórí ọgbà. Bí ó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n Dáwá ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Kí ló ń wí?" ni Ọ̀nàwùmí bi Ìyá Ìbídùn.

"Ó ní kí ẹ má bínú. Bóyá òun ni kò hun ún dáa tó fún yín."

Ìtìjú náà pọ̀. Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ tó kọ́ níṣẹ́.

"Odò kò kọ̀ ọ́! Èmi ni mo fà á yọ. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i tó ń jù ú nù!"

Ìyá Ìbídùn túmọ̀ rẹ̀. Olórí ìlú, tó wà láàrin àwọn àgbà náà, mi orí. "Ojú méjèèjì ṣí sílẹ̀, o ò sì rí nǹkan kan."

Wọ́n dá òfì padà. Dáwá gbé aṣọ náà, ó fa ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ lọ sétí odò. Bí ó ti ń pe orúkọ Ọ̀nàwùmí sórí omi, bàbá náà kò lè gbójú sókè. Gbàdọ́ náà ló darúgbó sí, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ bi í léèrè àṣà ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.