Ehoro Kò Jẹ́rìí Ilẹ̀

Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí.

Baba kan pín oko fún ọmọ rẹ̀ méjì. Ajíbóyè, ẹ̀gbọ́n, gbin obì sí tirẹ̀. Oyèékàn, àbúrò, jẹ́ kí tirẹ̀ di igbó, ó ń dẹ pàkúté fún ehoro níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bomi rin igi o!” ni Oyèékàn máa ń wí. “Ẹran ti wà nínú ọbẹ̀ tèmi.”

“Jẹun dáadáa,” ni Ajíbóyè máa ń fèsì.

Lẹ́yìn ogún ọdún, ará abúlé kejì kó ẹlẹ́rìí mẹ́ta wá síwájú baálẹ̀, ó ní oko baba òun ni méjèèjì. Lọ́dọ̀ wa, igi tí a gbìn ni olórí ẹlẹ́rìí ilẹ̀. Ajíbóyè nawọ́ sí igi obì mẹ́rìnlá, ẹjọ́ tirẹ̀ parí.

“Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa ehoro níbẹ̀!” ni Oyèékàn wí fún baálẹ̀.

“Ehoro náà dà, ká bi í? Èyí tó yè ti sá lọ. Èyí tó kú, o ti jẹ ẹ́.”

Bí oko Oyèékàn ṣe lọ nìyẹn. Ajíbóyè gé díẹ̀ fún un nínú tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Oyèékàn ti gbin obì síbẹ̀.