Ọ̀já Tí Ẹfúnṣèyí Fi Pamọ́

Aró-ò-mọ̀-pé-ara-ọmọ-rọ̀, awo etí ìkòkò aró, ló dífá fún Ẹfúnṣèyí ní ọjọ́ tí ara ọmọ rẹ̀ ṣàdédé sú.

Aláró ni Ẹfúnṣèyí. Ó ti bímọ méjì rí. Èkíní lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láyé. Èkejì kú nígbà tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ń yọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ẹ̀kẹta ní Kòkúmọ́.

Nígbà tí Kòkúmọ́ pé oṣù mẹ́ta, ìyá rẹ̀ pa ọ̀já tuntun láró láti máa fi pọ̀n ọ́n. Kò fi omi ṣan án, kí dúdú rẹ̀ má baà ṣí. Ó pọn ọmọ lọ sọ́jà, gbogbo ojú ń wo ọ̀já. Kí oòrùn tó wọ̀, ara ọmọ ti sú, ó wú, ó pọ́n bí osùn.

Ó sáré tọ awo lọ. Wọ́n ní kó fi ẹyẹlé méjì àti ọ̀já tuntun náà rúbọ, kó sì máa fi aṣọ àlòkù pọn ọmọ. Ó rú ẹyẹlé. Ó fi ọ̀já pamọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ bi í pé, “Ìyàwó, ọ̀já ńkọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹyẹlé ti tó. Aláró tó ń fi àkísà pọnmọ, ta ni yóò gbé aṣọ wá bá a?”

“O ṣeun. Kí aṣọ kún ilé, kí ẹ̀yìn ṣófo!”

Ní ọjọ́ kẹta, ó tún fi ọ̀já náà pọ̀n ọ́n. Kí ó tó dé ìdí aró, ojú ọmọ ti wú dí. Agbára káká ló fi ń mí. Ẹfúnṣèyí tú ọ̀já lójú ọ̀nà, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó mú ọ̀já náà lọ sí ìdí Èṣù, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé ọmọ sáré lọ sílé, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti mú kíjìpá àtijọ́ jáde, èyí tí omi ti fọ̀ títí ó fi rọ̀. Wọ́n fi omi tútù wẹ Kòkúmọ́, wọ́n pọ̀n ọ́n.

“Àkísà rèé o, ìyàwó aláró.”

Ẹfúnṣèyí rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ń mí dáadáa. Ọjà kejì kò tíì pé tí ara rẹ̀ fi jọ̀lọ̀.

Láti ìgbà náà, Ẹfúnṣèyí kì í fún abiyamọ ní aṣọ àfi tí omi tó fi ṣan án bá mọ́ gaara. Abiyamọ ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awo. Awo ní Ifá ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ifá ní ẹni tó rú ìdajì kò tíì rúbọ. Ohun tí ọwọ́ wa kò fẹ́ tú sílẹ̀ gan-an ni ẹbọ ń béèrè. Ẹfúnṣèyí tú u sílẹ̀, Kòkúmọ́ sì dúró tì í, ó rìn, ó ní àbúrò.