Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Ọkọ̀ Tuntun Sáré

Ìyàwó, mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ. O ní kí n pe Oyèníran ọmọ rẹ, kí n sọ fún un pé kí ó dá aya rẹ̀ padà sílé àwọn òbí rẹ̀, nítorí pé obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín, kò sì ṣe bíi ti ìyàwó àbúrò Oyèníran tó wà ní Ṣàgámù. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó kù láyé, ẹnu mi sì tó ọ̀rọ̀ yìí sọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná.

Ọkùnrin kan wà ní etí ọ̀sà, tí ó máa ń fi ọkọ̀ onígbòkun rìn láti ìlú dé ìlú. Ẹja gbígbẹ ni ó ń kó lọ, gaàrí àti iṣu ni ó ń kó bọ̀. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ti kúrò nílé, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n sì ń sùn lábẹ́ àtíbàbà kékeré kan tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Ọkọ̀ náà ti pẹ́. Ó ti gbé wọn la ìjì kọjá, ó ti gbé aláboyún, ó ti gbé aláìsàn, kò dà wọ́n nù rí. Ṣùgbọ́n kò yára. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, tí ọkọ̀ àwọn yòókù ń sá lọ, tirẹ̀ á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá sì dé èbúté, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, a rò pé ìyá arúgbó yẹn ti sùn lọ́nà ni." Ojú máa ń ti ọkùnrin yìí púpọ̀.

Lọ́dún kan, gbẹ́nàgbẹ́nà kan parí ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán, òpó rẹ̀ gùn, ìgbòkun rẹ̀ funfun. Ọkùnrin wa rí i, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀, tàbí kí n kúkú sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò. Ó ní òun kò ní ra ohun tí òun kò dán wò. Ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà wa ọkọ̀ tuntun, kí òun wa ti àtijọ́, kí àwọn jọ gbéra láti èbúté, kí àwọn wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé erékùṣù ọ̀kánkán.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Títí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ẹrù inú tiwa sílẹ̀."

Ó ní, "Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wò, n kò wo ẹrù."

"Ṣùgbọ́n ẹrù yẹn ni kò jẹ́ kí ó..."

"Ìwọ náà fẹ́ràn igi jíjẹrà yìí jù."

Wọ́n sáré. Ìwọ náà mọ bó ṣe parí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti dé, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń mu omi àgbọn, kí ọkọ̀ àtijọ́ tó yọ. Ọkùnrin náà kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó ta ọkọ̀ àtijọ́ fún apẹja kan ní òdìkejì ọ̀sà, ó sì gba tuntun.

Kí apẹja tó wá gbé e lọ, wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Àwọn àgbá omi. Àdògán àti igi ìdáná. Ìdákọ̀ró irin, okùn tí omi ti wú, àwọ̀n tí kò fi ṣiṣẹ́ mọ́ tí kò sì fẹ́ jù nù. Àpótí ìyá rẹ̀. Àwọn òkúta tí ó fi tẹ́ ìdí ọkọ̀ kí ìjì má baà dojú rẹ̀ dé, tí ó ti gbàgbé pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó rí gbogbo rẹ̀, kò rò ó. Inú ọkọ̀ tuntun ni wọ́n kó wọn sí.

Nígbà tí wọ́n wá kó ẹja gbígbẹ lé e, ọkọ̀ tuntun rì dé àyà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ dáadáa, ìgbòkun funfun wú, síbẹ̀ ọkọ̀ kò sáré. Ó tilẹ̀ ń wọ́ ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé a kò kàn án fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Omi ń ta wọlé, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ọkùnrin náà sì ń bú gbẹ́nàgbẹ́nà pé ó tan òun jẹ.

Bí ó ti ń bú u lọ́wọ́, ọkọ̀ kan yọ lẹ́yìn wọn, ó ń sáré bọ̀ bí ẹni pé kò kan omi. Ó bá wọn, ó sì kọjá wọn.

Ọkùnrin náà ní, "Wo ọkọ̀! Irú èyí gan-an ni mo fẹ́. Ta ló kàn án?"

Omi ti lé sí ìyàwó rẹ̀ lójú. Ó ní, "Bàbá Títí, ọkọ̀ yín ni."

Ó tán. Èmi àti ìwọ ló kù.

Ìyàwó, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ ti rọ, ta ní ń gbé ọ dé balùwẹ̀? Ta ní ń dìde bí o bá wúkọ́? Ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ bí tó gbé fi sílẹ̀ níbí, ẹ̀yìn ta ló wà? O kò rí ẹrù wọ̀nyí mọ́, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹ ti kó wọn lé aya Oyèníran lórí. Ohun tí o rí ni pé ó ń fajú ro. Èyí tó wà ní Ṣàgámù ń wá lọ́dún Kérésì, ó ń gbé kéèkì wá, ó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ilẹ̀ á mọ́, á lọ. Ọmọ dáadáa ni, n kò ní ibi kankan sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ló gbé rí nínú ẹrù ilé yìí, tí o fi ń fi wọ́n wé ara wọn?

Ọ̀rọ̀ rẹ bí mi nínú, n kò ní purọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni o fẹ́ lé kúrò nílé ọkọ. Síbẹ̀ n kò ní kọ̀ fún ọ. Kí ìyàwó Oyèníran lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ fún oṣù kan. Màá bẹ àbúrò Oyèníran kí ìyàwó tirẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀, kí ó máa gbé ọ dé balùwẹ̀, kí ó máa pọn ọmọ, kí ó máa dìde bí o bá wúkọ́. Bí oṣù náà bá pé, tí o ṣì ní kí n bá Oyèníran sọ ọ́, màá sọ ọ́.

Fóònù mi rèé. Ṣé kí n pe Ṣàgámù?