Kásẹ́ẹ̀tì Tí Òjéwálé Tà Títí Láé

Ayé kásẹ́ẹ̀tì la wà nígbà tí Òjéwálé, ọ̀gá òṣèré kan l'Óṣogbo, gbé fíìmù rẹ̀ lọ fún márkẹ́tà. Márkẹ́tà bi í pé ọdún mélòó ni ẹ̀tọ́ àtità rẹ̀ yóò fi wà lọ́wọ́ òun. Òjéwálé bú sẹ́rìn-ín.

"Kásẹ́ẹ̀tì tí yóò bu kó tó pé ọdún mẹ́ta! Kọ 'títí láé' síbẹ̀, jàre."

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ fà á láṣọ. "Baba Fadérera, ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n o."

"Fíìmù kì í ṣe ará ilé," lọkọ fèsì, ó sì tọwọ́ bọ̀wé.

Kásẹ́ẹ̀tì bu lóòótọ́, ṣùgbọ́n fíìmù ò bu. Márkẹ́tà gbé e sórí CD, ó tà á fún ẹlòmíì, onítọ̀hún náà tà á fún àwọn tó ń fi fíìmù sórí fóònù. Òjéwálé darúgbó, ó ní òun fẹ́ rà á padà. Wọ́n ní àwọn ò tà, bó tilẹ̀ kó ilé rẹ̀ wá.

Ló bá ra dátà, ó sanwó bíi gbogbo ayé, ó jókòó ti fíìmù ara rẹ̀. Wúràọlá yọjú léjìká rẹ̀.

"Baba Fadérera, ta nìyàwó tó ń jó bọ̀ yẹn?"

Baba wúkọ́. "Ìwọ mà ni."

"Ẹ ṣáà ní kì í ṣe ará ilé."